Abẹ Onínọ́ńbà: Mẹ́sàn-án Kì Í Ṣe Oyè

Ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Kí ẹ̀yin obìnrin má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá o, nítorí ẹ̀yin ni ẹ ń fọ kọ́là ẹ̀wù tí ẹ̀jẹ̀ bá ta sí, ẹ̀yin náà ni ẹ sì ń tọ́ ọmọkùnrin tí yóò hu irùngbọ̀n lọ́la.

Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé olórí lè wà níkàlẹ̀, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di abẹ mú, kí ó sì ṣe ojú ara rẹ̀ bí ẹni tí ń bó èèpo iṣu. Èmi gan-an ni ẹlẹ́rìí.

Abẹ tí mo ń wí yìí kì í ṣe abẹ onígbàjámọ̀, kì í sì í ṣe abẹ oníke tí a ń lò fún ọjọ́ díẹ̀ kí a tó sọ ọ́ nù. Irin ni láti orí dé ìdí. Bíléèdì olójú méjì tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí àwọn aránṣọ fi ń tú ojú rírán, tí àwọn ọmọ iléèwé sì fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù, òun ni a ń fi sí i lórí. Ohun tí ó mú un yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni òrùka kan tí ó wà ní ọrùn rẹ̀, tí a kọ nọ́ńbà sí lára láti 1 dé 9. Bí a bá ti yí òrùka yìí, abẹ náà á yí ìwà padà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí irú abẹ bẹ́ẹ̀ ti wá. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà, King Camp Gillette ni orúkọ rẹ̀. Kí “King” yẹn má tàn yín jẹ o. Orúkọ ni, kì í ṣe oyè. Ọjà ni ọkùnrin náà ń tà láti ìlú dé ìlú. Ní 1895 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí ronú bíléèdì tínrín tí ènìyàn yóò máa lò láìpọ́n, tí yóò sì sọ nù nígbà tí kò bá mú mọ́. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ irin sọ fún un pé irin tí ó tínrín tó bẹ́ẹ̀ kò lè mú bí ó ti fẹ́. William Nickerson, ọ̀mọ̀ràn nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ, ni ó wá ọ̀nà rẹ̀ rí. Ní 1903 tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọjà, abẹ 51 péré àti bíléèdì 168 ni wọ́n tà. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ṣé ẹ gbọ́? Odidi ọdún kan, 51! Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, abẹ tí wọ́n tà ju 90,000 lọ. Nítorí náà, ẹni tí ọjà rẹ̀ kò bá tíì tà lọ́dún yìí, kí ó má tíì palẹ̀ ìsọ̀ mọ́.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni ilé-iṣẹ́ Gillette yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí tà abẹ onínọ́ńbà. Ní 1961 wọ́n ṣe èyí tí ọrùn rẹ̀ tínrín ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ń ṣe abẹ onínọ́ńbà títí di àwọn ọdún 1980, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, nítorí ayé ti yí sí abẹ olórí ike tí bíléèdì méjì tò sí lórí. A ti wá rí olójú márùn-ún báyìí. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò tán láyé. Ní Solingen ní ilẹ̀ Jámánì, ìlú tí ó lókìkí fún ọ̀bẹ rírọ, ilé-iṣẹ́ Merkur ń ṣe oríṣi méjì: nọ́ńbà ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 5, ti èkejì láti 1 dé 6.

Ní ti èmi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà ni ó ra tèmi ní ọjà àlòkù, tí ó sì fi í ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́tà J àti nọ́ńbà 2 wà lábẹ́ orí rẹ̀. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń sàmì ọdún nígbà náà: J dúró fún 1964, 2 sì dúró fún ìdá kejì nínú ìdá mẹ́rin ọdún náà. Abẹ tí ó ti lé ní 60 ọdún! Síbẹ̀, bí mo ti yí ìdí rẹ̀ báyìí, ilẹ̀kùn méjèèjì tí ó wà lórí rẹ̀ là sílẹ̀ bí apá labalábá. Bíléèdì tí mo rà lọ́wọ́ ìyá aláte ẹ̀bá ọ̀nà wa bọ́ sínú rẹ̀ gẹ́lẹ́, bí ẹni pé òun ni wọ́n ń retí láti 1964. Mo fi omi gbígbóná, ọṣẹ, àti burọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ abẹ náà, mo tún rì í sínú sípíríìtì, nítorí mi ò mọ ojú ẹni tí ó ti rìn kọjá.

Ọjọ́ Sátidé kan ni mo kọ́kọ́ lò ó. Ìsọmọlórúkọ wà ládùúgbò wa, èmi ni wọ́n sì fi ṣe alága. Mo dúró níwájú dígí, mo wo òrùka náà, mo rí 1, mo rí 9. Mo ní, “Èmi tí mo ti ń fá irùngbọ̀n kí wọ́n tó bí àwọn kan, ṣé nọ́ńbà ọmọdé ni n ó lò?” Ni mo bá yí i sí 9. Mo tún wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú bí mo ti ń tẹ abẹ oníke.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí n má pa irọ́, mo kígbe. Ìyàwó mi sáré wọlé, ó ní, “Bàbá Ayọ̀, ta ni ẹ bá jà?” Mo ní mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó wo àgbọ̀n mi, ó wo kọ́là ẹ̀wù funfun tí ó ti lọ̀ kalẹ̀ fún mi láti àná, kò sọ nǹkan kan mọ́. Òwú mẹ́ta ni mo lẹ̀ mọ́ àgbọ̀n lọ ṣe alága. Gbogbo ẹni tí ó wá kí ọmọ tuntun, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ ń kí pẹ̀lẹ́. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ kẹta, kókó wẹ́wẹ́ ti yọ ní ọrùn mi bí ìgbà tí ẹ̀fọn jẹ ni.

Nígbà tí ojú mi jinná, mo jókòó ti abẹ náà bí ọmọ iléèwé ṣe ń jókòó ti ìṣirò. Mo ń yí òrùka rẹ̀, mo sì ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ìgbà náà ni mo rí àṣìṣe mi. Nọ́ńbà kò fi kún mímú bíléèdì rárá. Bíléèdì tí ó wà níbẹ̀ ní 1, òun náà ni ó wà níbẹ̀ ní 9. Àyè ni nọ́ńbà ń fi kún. Bí a bá ti ń yí i sókè, irin pẹlẹbẹ tí ó wà lábẹ́ bíléèdì á máa sọ̀ kalẹ̀, àlàfo á máa gbòòrò, ojú bíléèdì á sì máa yọ sí awọ ara. Ní 1, fèrèsé ṣí díẹ̀. Ní 9, ó ṣí gbayawu. Ẹni tí ó ṣí fèrèsé gbayawu lálẹ́ kò gbọdọ̀ bínú sí ẹ̀fọn.

Mo wá mú ìwé kan, mo fa ìlà sí i. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan: 1, 3, 5, 7. Ọṣẹ kan náà ni mo lò, irú bíléèdì kan náà, bíléèdì tuntun ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè. Bí mo bá fá a lónìí, mo ń sinmi lọ́la. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyí.

Nọ́ńbà 1: ẹ̀jẹ̀ kankan kò yọ. Ṣùgbọ́n irun kò tán, mo ní láti padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta. Àpadàlọ yẹn gan-an sì ń ta awọ ọrùn. Ẹ má rò pé nọ́ńbà kékeré kò lè ṣe ni léṣe bí ọwọ́ ẹni kò bá sinmi.

Nọ́ńbà 3: ẹ̀ẹ̀kan ni mo gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá, ó mọ́. Kókó kan ṣoṣo ni ó yọ ní ọrùn láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó sì tètè rọ̀.

Nọ́ńbà 5: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dán, ọrùn ń ráhùn.

Nọ́ńbà 7: mo ń gbọ́ ìró irun bí ó ti ń gé. Ó yá gan-an, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bu omi tútù sí ọrùn, ó ta mí bí ata. Mi ò padà sí 9 láti ìgbà náà, mi ò sì ní padà síbẹ̀.

Ibi tí mo wá fi àbọ̀ sí ni pé 3 ni ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, 2 ni ti ọrùn mi. Bí mo bá ti ìrìn àjò dé, tí irun ti kún fún ọ̀sẹ̀ kan, n ó fi 5 gé e wálẹ̀ kí n tó padà sí 3. Nǹkan kan tún yà mí lẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún mo dúró lórí 3, ṣùgbọ́n mo pààrọ̀ bíléèdì sí ti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ó dà bí ìgbà tí mo yí òrùka lọ sí iwájú! Nítorí náà, ẹ wá bíléèdì tí ó bá ojú yín mu ná, kí ẹ tó dá nọ́ńbà lẹ́bi.

Kí ni ó dé tí ọrùn àwa ènìyàn dúdú fi ń yọ kókó bẹ́ẹ̀? Irun wa ni. Irun tí ó ká, inú awọ gan-an ni ó ti ká. Bí a bá gé e kù pátápátá, tí ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ́rẹ́, nígbà tí ó bá ń hù padà á tẹ̀ kọrọdọ, á sì gún awọ wọlé. Ara á rí i bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn, á dìde sí i, ibẹ̀ á wú. Abẹ olójú púpọ̀ tún lè dá kún un, nítorí bíléèdì àkọ́kọ́ á fa irun sókè díẹ̀, èkejì á gé e, ìyókù rẹ̀ á sì fà padà sí abẹ́ awọ. Abẹ olójú kan lẹ́ẹ̀kan, tí nọ́ńbà rẹ̀ rẹlẹ̀, kì í gé irun wọlé tó bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi fẹ́ràn abẹ yìí.

Nígbà tí mo rò pé mo ti gbọ́n tán lórí ọ̀rọ̀ abẹ, ni ọ̀dọ́mọkùnrin tíṣà kan tí ó ń gbé ní ilé kejì sí wa wá bá mi. Ọrùn rẹ̀ ti bàjẹ́. Kókó dúdú gbà á láti etí dé etí, àwọn mìíràn sì ń ṣọyún. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Tíṣà Ọ̀pọ̀lọ́. Ó ń gbọ́ ọ bí ó bá ti kọ ojú sí pátákó. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ dákun sà, ó ku ọjọ́ mẹ́rìnlá tí a ó lọ mọ àwọn àna mi. Ẹ yá mi ní abẹ yín fún ọjọ́ kan péré. Bíléèdì tuntun ni n ó fi sí i.”

Mo ní rárá.

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kò burú sà, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà, kíkí rẹ̀ di èyí tí kò kọjá ẹnu. Ìyàwó mi pàápàá bá mi wí, ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ti yá a lówó rí, abẹ ni ẹ wá ń fi dù ú?” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí ahun kì í ṣe ìwà mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta mo lọ bá a nílé.

Mo ní, “Tíṣà, jókòó. Kì í ṣe pé mo ka abẹ sí ju ìwọ lọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò rí ni mò ń bẹ̀rù. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B lè wà láàyè fún ọjọ́ méje ó kéré tán lórí ohun tí ó ti gbẹ. Bí o bá tilẹ̀ pààrọ̀ bíléèdì, ṣé o pààrọ̀ orí abẹ? Ṣé mo mọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tèmi tí n ó fi kó o ràn ọ́? Bí mo bá yá ọ ní ẹ̀wù mi lọ sí ọ̀dọ̀ àna, mo ṣe ọ́ lóore. Bí mo bá yá ọ ní abẹ mi, mi ò mọ ohun tí mo fún ọ.”

Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Bàbá, mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ sà. Ẹ má bínú.” Mo ní kí a jọ lọ rí dókítà awọ ara.

Mo ti ń rò ó lọ́kàn pé dókítà yóò ní kí ó lọ ra irú abẹ mi, kí ó sì yí i sí 2. Àgbẹ́dọ̀! Dókítà kò tilẹ̀ fún un ní nọ́ńbà kankan. Ó ní kí ó má fi abẹ kankan kan ọrùn yẹn fún bí oṣù kan, kí àwọn irun tí ó há lè gùn jáde fúnra wọn. Ó ní kí ó má ṣe fi abẹ́rẹ́ tú wọn, nítorí àpá tí ó bá wú lára àwa dúdú kì í fẹ́ rọ̀ mọ́. Ó ní kí ó má ṣe fi ìpara abóra pa àmì dúdú náà. Ó kọ oògùn fún un. Ó ní bí ọrùn bá jinná, kílípà ni kí ó máa lò, kí ó sì fi irun kúkúrú díẹ̀ sílẹ̀, kí ó má fá a kanlẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni tíṣà wa fi irùngbọ̀n lọ mọ àna. Ẹ̀rù bà á dé ẹnu ọ̀nà. Ṣé ẹ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀? Bàbá ìyàwó náà onírùngbọ̀n ni! Ó wo ọkọ ọmọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọkùnrin ni ọmọ òun mú wálé. Ọrùn tíṣà ti ń bọ̀ sípò báyìí, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ yóò sì ní láti wá orúkọ mìíràn.

Ẹ̀kọ́ tí èmi alábẹ rí kọ́ nìyẹn. Mo ti rò pé ohun tí ó tọ́jú ojú tèmi ni yóò tọ́jú ojú gbogbo ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ abẹ náà fúnra rẹ̀ ti sọ fún mi pé kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí bí gbogbo ojú bá dọ́gba, kí ni à ń fi nọ́ńbà ṣe?

Ẹ̀yin tí ọrùn yín kò bàjẹ́ tó ti tíṣà, tí ẹ sì fẹ́ dán abẹ yìí wò, ẹ gbọ́ bí a ti ń ṣe é. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ojú, kí ẹ sì jẹ́ kí ọṣẹ dúró lára irun fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1 tàbí 2, kí ẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ tó yí nọ́ńbà, ẹ kọ́kọ́ dẹ ìdí abẹ díẹ̀, kí ohun tí ó di bíléèdì mú lè rọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ fún un padà. Ẹ gbé orí abẹ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ rẹ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ títí ojú bíléèdì yóò fi kan irun. Ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ìwúwo irin náà ti tó. Ọ̀nà tí irun dojú kọ ni kí ẹ bá a lọ, ẹ má fá a lòdì ní ọrùn, ẹ má sì fi ọwọ́ na awọ. Omi tútù ni kí ẹ fi parí rẹ̀.

Ẹ má sì sọ bíléèdì tí kò mú mọ́ sí ààtàn níbi tí ọmọdé ń ṣeré. Ní Amẹ́ríkà àtijọ́, wọ́n ń la ihò tóóró sí àpótí oògùn tí ó wà lára ògiri ilé ìwẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ju bíléèdì sínú ògiri. Àwọn tí ń wó irú ilé bẹ́ẹ̀ lónìí ń bá òkìtì rẹ̀ níbẹ̀. Èmi kò ní ògiri tí n ó fi tọrẹ. Agolo mílíìkì ni mo la lẹ́nu tóóró, mo fọ̀ ọ́, mo sì fi ṣe kóló bíléèdì. Bí ó bá kún, n ó lù ú lẹ́nu pa kí n tó sọ ọ́ nù.

Abẹ náà ní àbùkù tirẹ̀. Ó wúwo. Ọṣẹ máa ń há sínú rẹ̀, ó ń fẹ́ fífọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò bá ẹni tí ń kánjú mu. Bíléèdì rẹ̀ kò ṣeé gbé sínú àpò ọwọ́ wọ bàálù. Ẹni tí ó bá sì ti rí abẹ olójú kan lásán tí ó bá ojú rẹ̀ mu, kò sí ohun tí ó tún fẹ́ fi òrùka ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì mọ ìwọ̀n ojú ara rẹ̀, abẹ yìí yóò kọ́ ọ bí ó bá ní sùúrù. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó jókòó kọ èyí, ìyàwó mi yẹ kọ́là mi wò, ó ní, “Bàbá Ayọ̀, ẹ ti bá ẹni yẹn parí ìjà.” Mo ní a ti parí rẹ̀. Lórí nọ́ńbà 3.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.